Ilé Tí Mo Kàn fún Ọ̀gà

Funfun ni ọ̀gà náà máa ń dà láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ àárín ewé gúáfà tútù ni mo gbé e sí. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ohun tí alágẹmọ bá wà lórí rẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń jọ. Tiwa yìí, funfun báláú, bíi sùtánà àwọn Aládùúrà.

Káfíńtà ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Hussein lorúkọ mi. Láti ìgbà tí Kúbúrátù ìyàwó mi ti kú, oṣù mẹ́jọ gbáko, Bushrah ọmọ wa, ọmọ ọdún méje, kò la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ahọ́n rẹ̀. Mo sunkún títí ó sú mi.

Lọ́jọ́ kan ní ọjà Akẹ̀sán, ó rí ọ̀gà yìí níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran gbígbẹ fún oògùn. Òwú ni wọ́n fi so ó lẹ́sẹ̀. Bushrah jókòó tì í, ó kọ̀, kò dìde. Àpótí ìjókòó tí mo fẹ́ gbé lọ fún oníbàárà ni mo fi gba ẹ̀mí ẹranko náà sílẹ̀.

Mo wò ó lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ló yẹ ilé rẹ̀, kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Kì í mu omi inú abọ́. Ẹ̀kán omi ara ewé ló ń lá, nítorí náà à ń wọ́n omi sí ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bushrah ló ń mú tata fún un. Ó wá ku pákó gidi fún ìsàlẹ̀, òrùlé àti ẹ̀yìn. Pákó ọ̀gánwó mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, àgékù pósí ìyá alálùbọ́sà kan tí Fọlábí ọmọ rẹ̀, dírẹ́bà, gbé lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé òkú ló ni àgékù pósí: bí kò bá bá a wọlẹ̀, ká dáná sun ún. Mo ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìyẹn. Ọ̀gánwó tó dára báyìí!

Ọjọ́ kẹta tí ọ̀gà wọ ilé rẹ̀, Bushrah dúró tì í, ó rọra sọ pé, "Káfíńtà, o ṣeun. Ilé náà tutù."

Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ, bó bá pè mí ní káfíńtà, ṣé mo máa bínú ni? Mo gbé e, mo ń jó, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òórùn àlùbọ́sà wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Fọlábí yà kí wa. Bushrah jáde, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Àkànjí, o tún ti rù. O kì í jẹun lásìkò."

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Fọlábí. "Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Nínú ilé rẹ̀, ọ̀gà náà fi ojú kan wò ó, ó fi ìkejì wo Bushrah. "Ẹ̀gbọ́n, àgékù pákó ìyá mi ńkọ́?"

Mo nawọ́ sí ilé ọ̀gà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kì í ṣe òkú ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá sun pákó náà, bí ohùn ọmọ mi bá bá a lọ ńkọ́? Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ni mo fẹ́, kì í ṣe ti ìyá ẹlòmíì. Lẹ́yìn ìrun Alásáàrì, mo fi igi tuntun kan ilé mìíràn fún ọ̀gà, èmi àti Fọlábí sì dáná sun pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, ọ̀gà ti di àwọ̀ ewé.

Bushrah dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kábàámọ̀, mo bú ara mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ káàárọ̀." Ohùn rẹ̀ ni, ohùn kékeré tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Mo bú sẹ́kún.

"Ìyá alálùbọ́sà ní kí n sọ fún yín pé pákó mẹ́rin ni," ó ní. "Mẹ́ta lẹ sun."

Ayùn dúró lọ́wọ́ mi. Ìkẹrin ni mo fi rọ́pò pákó tó dá nínú bẹ́ẹ̀dì Bushrah, lọ́sẹ̀ kan náà tí mo kan ilé ọ̀gà.

"Níbo lo ti rí ìyá náà?"

"Abẹ́ mi ló máa ń sùn."