Ìborùn Tí Áyọ́ọ̀nù Jó

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó máa jiyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ojúmọmọ sì ni.

Àrínọlá, ọmọ ọdún méjìlá, ló sá kúrò níléèwé lọ ṣeré. Nígbà tí tíṣà bi í léèrè lọ́jọ́ kejì, irọ́ tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ló pa: "My grandma died." Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o. Màmá, ìyá àgbà rẹ̀, wà láàyè ní Ìsẹ́yìn, òun ló sì tọ́ ọ kó tó wá bá ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Irọ́ tí ì bá rin ogún ọdún, ọjọ́ náà gan-an ni òtítọ́ bá a. Tíṣà pe Olúbùsọ́lá, ìyá ọmọ náà, láti bá a kẹ́dùn. Àrínọlá ń bọ̀ nílé nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Ta ló sọ fún ẹ pé Màmá kú?"

"Nobody, Mummy. Irọ́ ni mo pa."

"Mò ń pè wọ́n látàárọ̀. Wọn ò gbé e."

Ọmọ náà gbà pé ẹnu òun ti pa Màmá. Ó sáré, ó sáré títí ó fi dé etí odò Thames, níbi tí ilẹ̀ ti tán. Kùrukùru bo omi. Àwọn ẹyẹ dákẹ́.

"Àyìnkẹ́."

Oríkì rẹ̀ ni. Màmá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Òórùn èéfín igi ń bọ̀ lára rẹ̀.

"Ta nìyẹn, Ma?"

"Òtútù ń mú mi. Wé ìborùn rẹ fún mi ná."

Àrínọlá bọ́ ọ lọ́rùn, ó wé e fún un, ìborùn pupa tí áyọ́ọ̀nù jó létí. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́.

"Padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Kò ní nà ọ́."

Ọmọ náà ṣẹ́jú. Bẹ́ńṣì ti ṣófo, ìborùn náà ò sí mọ́.

Ìyá rẹ̀ ló ń sáré bọ̀ yẹn, tòun ti aṣọ iṣẹ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń najú. Kò nà án. Ó gbá a mọ́ra, fóònù sì dún lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ni, ojú rẹ̀ kún inú fóònù.

"Iná ò sí, fóònù mi kú, ìsinsìnyí ni iná dé. Kí lẹ̀ ń wá mi báyìí fún?"

Olúbùsọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó jó yí ọmọ rẹ̀ po létí omi. Inú wọn dùn kọjá sísọ. Àfìgbà tó tún wo fóònù náà dáadáa.

"Màmá, ìborùn wo lẹ wé nínú ooru yìí?"

Màmá fa etí ìborùn pupa náà tó jó mọ́ ọrùn.

"Bi Àyìnkẹ́."