Orúkọ Tó Lọ Sógun

Yíǹkì ló wà nímú Émile lọ́jọ́ tí Àpọ̀kẹ́ kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì ìjọba ní Atakpamé, ó lejú bí ọ̀gá, yíǹkì búlúù sì wà nímú rẹ̀ bí ti ọmọ iléèwé.

"Mùsíé," ni Àpọ̀kẹ́ pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá lédè Faransé, "ẹ bá mi ka ìwé yìí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ nu imú yín ná."

Émile bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1986 ni, nígbà tí kọfí ṣì ń gbẹ lágbàlá gbogbo ilé lórí òkè wa. Ìwé ológun Kòkúmọ́, baba ìyá rẹ̀, ni Àpọ̀kẹ́ mú wá, pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ idẹ kan àti fìlà pupa tí kòkòrò ti jẹ. Láti Anié ni Kòkúmọ́ ti wá tẹ̀dó sí Atakpamé lẹ́yìn ogun ńlá àwọn òyìnbó, ó sì kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni ibi tó ti jà. Opó rẹ̀, Ìyá Málọmọ́, fẹ́ mọ̀ kí òun náà tó lọ.

Ọ̀rinrin ti lẹ àwọn ojú ìwé pọ̀. Émile ní ooru omi gbígbóná nìkan ló lè tú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ni ó bá ń wá sí àgbàlá Ìyá Málọmọ́ ní gbogbo Sátidé, wọ́n á gbé kẹ́tùrù kaná. Ojú ìwé kan sọ Dakar, èkejì sọ Marseille. Ẹ̀kẹta gbà wọ́n ní Sátidé mẹ́ta, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rinrin.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni Ìyá Málọmọ́ wí, "omi ti gbẹ tán nínú kẹ́tùrù, ẹ ṣì ń wo ojú ara yín!"

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ṣí kẹ́yìn. Émile kà á sókè. "Olúgbódi, ọmọ Anié. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò sí."

"Ọkọ mi nìyẹn," ni Ìyá Málọmọ́ wí. "Àdá ló gé e lóko kó tó lọ sógun. Àmọ́ ta ni Olúgbódi?"

"Bàbá bàbá mi ni," ni Émile wí. "Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi."

Àpọ̀kẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá ní orúkọ méjì àti ilé méjì, a jẹ́ pé ọmọ-ọmọ baba kan náà ni òun àti Émile. Kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀ mọ́.

Émile lọ bá bàbá rẹ̀ ní Anié. Ó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá ní kí n gbàgbé rẹ. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Èmi fúnra mi á lọ bi í. Ṣé kìnnìún ni?"

Baba Igbẹ́kọ̀yí, bàbá Émile, jókòó níwájú ilé tí gbogbo Anié ń pè ní Ilé Ológun. Àpọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò kúnlẹ̀.

"Bàbá, ìka mélòó ni bàbá yín ní?"

"Ọmọ yìí, ta ló rán ẹ?"

"Ọmọ yín tí kò jẹun láti ìjẹta ni. Ìka mélòó, Bàbá?"

Ó wo ilé, ó wo ilẹ̀. "Mẹ́wàá," ó wí. "Ó pé."

Ó wá tú àṣírí náà sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lòun nígbà tí àwọn Faransé kọ orúkọ Olúgbódi sílẹ̀ fún ogun. Olúgbódi ti láya, ó ti bímọ. Ó bẹ Kòkúmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò tíì gbéyàwó, ìyẹn sì lọ jẹ́ orúkọ náà níwájú òyìnbó dípò rẹ̀. Olúgbódi sá pamọ́ sóko kan lápá Elavagnon. Ogun parí, ó jáde, àwọn ará ìlú ń kí i kú ewu ogun, kò sì já wọn nírọ́. Nígbà tí Kòkúmọ́ dé, tó gbọ́ pé ológun ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò bá a jà. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó forí lé Atakpamé.

"Bí mo bá sọ ọ́, ilé yìí di ilé ojo."

"Bí ẹ ò bá sì sọ ọ́, ẹ ti sin ayọ̀ ọmọ yín láàyè."

Lọ́jọ́ ìtọrọ ìyàwó, níwájú ẹbí méjèèjì, Baba Igbẹ́kọ̀yí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Málọmọ́. "Ìyá, orúkọ bàbá mi ló lọ sógun. Ara ọkọ yín ló jẹ ìyà rẹ̀."

Omi bọ́ lójú Ìyá Málọmọ́.

"Dìde, ọmọ mi. Wàá tún un sọ ní Anié, kí wọ́n gbọ́ orúkọ Kòkúmọ́."

"Màá sọ ọ́, Ìyá."

Émile fẹnu sétí Àpọ̀kẹ́. "Olólùfẹ́ mi, ṣé o ṣì máa fẹ́ ọmọ ilé ojo?"

"Mo ti gbà ná. Àmọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ sógun lọ́la, torúkọ tara ẹ lo máa lọ o!"

Àpọ̀kẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo wọn, kò sì fi í sílẹ̀.