Òórùn Kànáfùrù Nínú Àgbá Màmá

Màmá ṣí àgbá ọtí bíà náà, ó fimú sí i, ó sì rọra dé e padà.

"Kànáfùrù," ni ó wí, bí ẹni tó ń túfọ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-ìwé ń pè ní Ògbóǹtarìgì, ń nu ife ẹ̀yẹ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Láti ọjọ́ tó ti gbà á ló ti ń nù ún. Bí ife bá láwọ ni, ìbá ti bó.

"Bóyá wọn ò fọ àgbá dáadáa ni, Màmá."

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́." Màmá jókòó. "Ìwúkàrà tí ìyá mi fi pọntí nìyí. Òun náà gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Kò rùn báyìí rí. Ó ti darúgbó, bíi tèmi."

Ògbóǹtarìgì mọ̀ pé kò darúgbó. Nígbà ìdíje sáyẹ́ǹsì tó ti gba ife náà, àwọn adájọ́ ń bọ̀ wá wo bí ọtí inú àgbá yìí ṣe ń hó. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà Màmá kì í kánjú. Bí àgbà tó ń gun àtẹ̀gùn ló ṣe ń hó. Ọmọ náà bá gba ìwúkàrà wá nílé búrẹ́dì, ó dà á sínú àgbá nígbà tí Màmá ń sinmi. Kí àwọn adájọ́ tó dé, ìfófó ti ń yọ lẹ́nu àgbá. Ó dúró tì í, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ìwúkàrà kọ̀ọ̀kan ló ní àbùdá tirẹ̀," ni ó wí fún wọn. "Àbùdá yìí ló ń pinnu bí ọtí yóò ṣe hó, àti bí yóò ṣe rí lẹ́nu."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, àfi ẹni tó ń kọ́ wọn.

Màmá ti gbé ìgò kékeré kan jáde nínú fíríìjì. "Inú èyí ni mo ti bù sí àgbá. Òun nìkan ló kù. Màá dà á nù, màá ra òmíràn. A kì í fi ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ fọ́mọ."

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìdérí. Ògbóǹtarìgì wo ìgò, ó wo ife. Bí ó bá panu mọ́, ife di tirẹ̀ nìyẹn.

Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Èmi ni." Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ibo wá ni kànáfùrù ti wá?"

"Ìwúkàrà búrẹ́dì ní àbùdá kan tó ń mú òórùn yẹn jáde. Tiyín náà ní in tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fi pọntí láti ìran dé ìran, ó ti sọ ọ́ nù."

Màmá wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. "Ohun tó sọ nù ló jẹ́ kó níyì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa. Ìwọ náà, lọ sọ tìrẹ nù." Ó nawọ́ sí ife.

Ọmọ náà dá ife padà lójú gbogbo ilé-ìwé. Orúkọ tuntun dé: Kànáfùrù. Bó bá ń kọjá, wọn a fọwọ́ bo imú. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún jù ni bí Màmá ṣe dúró wo odidi àgbá ọtí tó ń ṣàn lọ sínú kòtò, tí kò bá a wí rárá.

Wọ́n fi ìwúkàrà inú ìgò bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò tètè hó. Ọmọ náà jókòó tì í, kò kán an lójú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òkìkí tí a sì fi ẹ̀tàn wú kì í pẹ́ rùn.