Ìyàwó Tó Fa Àkàbà Jáde Nínú Kòtò

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ohun kan ṣoṣo tó ń da onídìrí náà láàmú ni pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti wọ balùwẹ̀, kò sì tíì jáde. Àwọn oníbàárà tó fẹ́ dirun máa tó dé. Ọkọ rẹ̀ ń fọ eyín lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó gbé ìyá wọn wá kí wọn, ń nu gíláàsì mọ́tò, ó sì ń kọ orin tí kò mọ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ara tu gbogbo ilé, àfi bí ìyá ṣe figbe ta.

"Ẹ gbà mí o! Omi yìí ń gòkè bọ̀!"

Omi tí ìyá fi wẹ̀ kọ̀, kò lọ. Ńṣe ló ń gba ojú ihò balùwẹ̀ padà wá, ó dúdú, ó sì ń rùn. Wọ́n ní kí wọ́n da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin: ìyẹn náà kún dé ẹnu.

Ilé náà wà nísàlẹ̀ ju títì lọ. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò lè fúnra rẹ̀ gòkè lọ bá páìpù ńlá tó wà lábẹ́ títì, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ń ṣàn sínú kòtò kan ní ẹ̀yìnkùlé, kòtò tó jìn ju ìdúró èèyàn lọ. Ìsàlẹ̀ kòtò yìí ni pọ́ǹpù jókòó sí. Bí omi bá ti ga dé ìwọ̀n kan, bọ́ọ̀lù kékeré tó so mọ́ pọ́ǹpù á léfòó, pọ́ǹpù á tàn, á sì ti ìdọ̀tí náà lọ sókè. Púlọ́ńbà tó gbé e síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ ṣeré. Ó fi ìdérí tó le bò ó. Ó fa páìpù gíga kan jáde níbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ búburú lè máa gba orí òrùlé lọ. Ó fi fáfù tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí padà sí i, ó gbé agogo kan kọ́ ara ògiri tí yóò máa dún bí omi bá ga jù, ó sì fi ṣéènì gígùn so pọ́ǹpù náà mọ́ ẹnu kòtò.

Onídìrí ló dúró tì í lọ́jọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà, tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́.

"Kí wá ni ṣéènì yìí wà fún?"

"Kí ẹ lè máa dúró lókè fa pọ́ǹpù jáde ni. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, bó ti wù kó rí, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú kòtò yìí. Èmi tí mò ń ṣe é gan-an kì í ṣàdédé wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pààyàn. Ìgbà tó bá ṣì ń rùn, ẹ ṣì lè sá. Ìgbà tí ẹ ò bá gbóòórùn mọ́, ó ti pa imú nìyẹn, èèyàn ló kù kó pa."

Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Wẹ́dà ni, iṣẹ́ sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo-lè-ṣe-é làwọn aládùúgbò ń pè é, torí kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí, ìbáà ṣe fáànù, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ó tiẹ̀ gba eyín àtọwọ́dá bàbá kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù rí. Nígbà tí agogo ara ògiri kò jẹ́ kó rí oorun sùn, ó gé wáyà rẹ̀. Nígbà tí ṣéènì pọ́ǹpù wọ̀ ọ́ lójú, ó tú u, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó ń fi gbé irin. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí.

"Ṣé pọ́ǹpù fẹ́ sá lọ ni, tá a fi máa dè é mọ́lẹ̀?" ni ọkọ bi í. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, ìyàwó ti pe púlọ́ńbà. "Ó ní ọ̀sán lòun máa dé," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká dá omi dúró títí dìgbà yẹn."

"Kí ìyá mi wá máa tọrọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri àdúgbò? Ikú yá ju ẹ̀sín. Mo lè ṣe é. Okùn ni mo kàn fẹ́ lọ so mọ́ ọn, ká fà á jáde."

"Bàbá ọmọ mi, ẹ má wọ̀ ọ́. Púlọ́ńbà ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pààyàn."

"Òórùn ni, òórùn kì í pààyàn. Bó bá ń pààyàn ni, àwa tá à ń wọ ọkọ̀ èrò ì bá ti kú tán."

Ó lọ pa iná ilé, ó yọ fiyúùsì, ó kì í bọ àpò. Mo yìn ín fún ìyẹn, torí ẹni tó bá fọwọ́ kan pọ́ǹpù inú omi láìpa iná, ikú ló ń wá. Ṣùgbọ́n iná ni ọ̀tá tí wẹ́dà mọ̀. Nígbà tó ti fi ọ̀tá tó mọ̀ sápò, ó gbà pé kò sí òmíràn nílẹ̀ mọ́.

Àbúrò rẹ̀ ṣí ìdérí, ó gbé àkàbà wá, ó kì í bọ inú kòtò, ó dì í mú. Mo-lè-ṣe-é fi aṣọ di imú, ó mú okùn, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ó mà ń rùn o!" Ohùn rẹ̀ ń dún láti ìsàlẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Kí lẹ̀ ń jẹ nínú ilé yìí gan-an?"

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ṣe díẹ̀, ohùn náà tún dún.

"Àkísà ni wọ́n jù sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti wé mọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ ò rí i, òórùn yẹn náà ti lọ. Mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni ìyàwó rẹ̀ wà tó fi gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ó sáré. "Ẹ gòkè wá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè wá kíá!"

Nígbà tó yọjú wò, ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri kòtò, omi dúdú mù ún dé àyà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ó wá ń yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bọ̀dá mi!" Àbúrò ọkọ ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà. Ìyàwó gbá bẹ́líìtì rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

"Adúmáadán, ẹ má wọ̀ ọ́! Á pa ẹ̀yin náà!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀!"

Ó já ara rẹ̀ gbà, àwọn méjèèjì ṣubú. Kí ó tó dìde, ìyàwó ti di àkàbà mú, ó fà á jáde, ó sì jù ú sódìkejì ọgbà.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá jáde, aṣọ ìwẹ̀ lára, ọṣẹ ṣì wà létí. Ohun tó rí nìyẹn: ọmọ rẹ̀ nínú kòtò, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ju àkàbà nù.

"Ó fẹ́ pa ọmọ mi! Ará àdúgbò, ẹ gbà mí! Ó fa àkàbà jáde lórí ọmọ mi!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì ń lù ú lẹ́yìn. Àbúrò ọkọ fẹ́ bẹ́ sínú kòtò, ìyàwó sì dùbúlẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra. Àwọn èèyàn dé. Ẹnìkan ṣá ìṣáná láti fi wo inú kòtò.

"Ẹ pa iná yẹn!" ni ìyàwó ké. "Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè gbiná! Ẹ pe panápaná, ẹ sọ fún wọn pé èèyàn wà nínú kòtò ìdọ̀tí, kò dáhùn mọ́!"

Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù bà á débi pé ó kù díẹ̀ kó tú ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni púlọ́ńbà pa ńkọ́? Bí ọkọ rẹ̀ bá ṣì ń mí, tó jẹ́ òun ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà á ńkọ́? Ó ń gbọ́ èpè ìyá lókè orí rẹ̀. Ó di ojú, kò tú u sílẹ̀.

Àwọn panápaná dé pẹ̀lú ìgò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn àti ìbòjú. Ọ̀gá wọn fi okùn sọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yẹ afẹ́fẹ́ búburú wò sínú kòtò. Kò tíì dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ojú ọ̀gá náà yí padà. Ó lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan wọlé, wọ́n sì fi okùn gbé Mo-lè-ṣe-é jáde. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà ní ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ibi tí onídìrí náà lè gbà lọ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí. "Òun nìyẹn, ìyàwó tó fa àkàbà." Oníbàárà fà sẹ́yìn. Àbúrò ọkọ kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ìyá kò tiẹ̀ dáhùn ìkíni rẹ̀. Ìyàwó náà gan-an, bó bá dùbúlẹ̀, ohùn yẹn ló ń gbọ́: mi ò gbọ́ ọ mọ́, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Ọ̀gá panápaná wá bá ẹbí kẹ́dùn, ó sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ọ̀gá," ló ní, "ká ní àbúrò rẹ̀ ráyè wọlé, ṣé ọmọ mi ì bá yè?"

"Rárá, Màmá. Òun náà ì bá ṣubú lé e lórí ni. A máa ń gbé ẹni méjì, ẹni mẹ́ta jáde nínú irú kòtò báyìí. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló lọ ṣiṣẹ́. Àwọn tó kù, wọ́n lọ gbà á là ni."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀ awakọ̀, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rìn lọ bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ nílé ìdáná, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyàwó mi, èmi ni mo lù ẹ́ lẹ́yìn. Ká ní o gbọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá kù tó máa pè mí ní ìyá?"

"Ṣùgbọ́n mi ò gba ọkọ mi là, Màmá." Àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú pọ́ǹpù yìí nílé, bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé yín lónìí. Bí ṣéènì kò bá sí lára rẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ tó ní ohun èlò kó fi òmíràn sí i. Ẹ má fúnra yín sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí agogo máa dún, kó tilẹ̀ jí yín. Àkísà, páádì àti ọ̀rá kò ní iṣẹ́ kankan nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ máa wá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kọṣẹ́, kí ìdérí sì wà ní títì kí ọmọdé má baà ṣí i. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹnìkan ti ṣubú sínú rẹ̀, ẹ pe panápaná, kí ẹ sì di ẹni tó fẹ́ wọlé tẹ̀ lé e mú. Á bú yín, á gbá yín. Ẹ má tú u sílẹ̀, torí ẹni tó wà láàyè nìkan ló ń rí ẹnu bú èèyàn.