Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ojú Ọmọ

Ẹ ti fura, n ò ní purọ́ fún yín: tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi tó fi ìgbálẹ̀ lé ẹnjinnía jáde ló padà fẹ́ ẹ. Bí ojú ṣe ti ọkùnrin náà tó kó tó rí i fẹ́ ni ẹ ò tíì gbọ́.

Ó gbé róbọ́ọ̀tì wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ń tàn yinrinyinrin bíi ti ológbò. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó máa wo àwọn ọmọ lẹ́nu eré, kó sọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rìnrìn àjò. Kò sẹ́ni tó bi ẹnjinnía léèrè tó fi ní ọgbọ̀n oṣù lòun fi ṣe é.

"Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn gba òdo," ló wí. "Kò wojú yín rárá. Ẹ mú un lọ sí kíláàsì àwọn olórí kunkun."

Tíṣà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe ọmọ náà.

"Ìyá Kékeré, kí ni mo ní ká fi kọ́lé?"

"Ẹ ní búlọ́ọ̀kù pupa ni ká fi ṣe ìsàlẹ̀," ọmọ náà dáhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà níta. "Ẹ tún ní kí bọ̀dá yìí má tẹ ilé wa mọ́lẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ẹ gbọ́? Ojú lẹ̀ ń kà, ẹ wá ń pè é lọ́kàn! Ọmọ yìí ò kúrò níbí. Ìwọ ni kó o jáde!"

Ìgbálẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ" di "o" nínú ìbínú, kò sì padà di "ẹ" mọ́ láéláé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnjinnía padà wá. Ó kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa wo ọwọ́ àwọn ọmọ, kó sì máa gbọ́ èsì wọn. Ìyá Kékeré gba àádọ́rùn-ún.

"Ẹ̀rọ rẹ ti gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ," ni tíṣà wí.

"Ìgbálẹ̀ ló kọ́ àwa méjèèjì."

Àmọ́ nǹkan kan ń dun ẹnjinnía: bó bá ti ń sọ̀rọ̀, tíṣà á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ìgbéraga ni. Òun náà kúkú mọ ìgbéraga dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó lórí àga kéékèèké, wọ́n ń ṣa búlọ́ọ̀kù. Ẹnjinnía sún mọ́ ọn, ó rọra sọ ọ́ sí i létí: "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ n fẹ́ ọ."

Tíṣà ń ṣa búlọ́ọ̀kù lọ ní tirẹ̀.

Ẹnjinnía gbé róbọ́ọ̀tì rẹ̀, ó fi ìbínú lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tíṣà já wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀.

"Aláìmoore! O ò lè sọ pé ó dàbọ̀? Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Mo ní kó o jẹ́ n fẹ́ ọ, o dákẹ́! O ò tiẹ̀ wojú mi!"

Ẹnu ya tíṣà. "Nígbà tá à ń ṣa búlọ́ọ̀kù? Ọwọ́ wo lo jókòó sí?"

"Òsì."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpótí irinṣẹ́. Omijé wà nínú ẹ̀rín náà.

"Ọkọ mi, bọ́ sí ọ̀tún, kó o tún un sọ."

Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni etí òsì tíṣà ti di.