Àga Tó Dorí Kodò

Mùnírátù nà gbalaja sábẹ́ àga bí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ó tan iná fóònù sí i, ó sì ń wo nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí abẹ́ ìjókòó àga náà. Ọ̀dà náà ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà.

"Mùní, kí lo sọ nù síbẹ̀?" Bàbá rẹ̀ kò gbójú sókè kúrò lára pákó tó ń fá.

"Kò sí, bàbá mi. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ti jókòó lórí rẹ̀ rí ni."

"Ṣé ojú ìdí wọn ṣì wà níbẹ̀ ni?"

Mùnírátù rẹ́rìn-ín, ó sì yọ́ jáde pẹ̀lú eruku pákó nínú irun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bí ó bá wà láàárín èrò, ohùn rẹ̀ kì í jáde, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti kí a wádìí nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wọ́lẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, Sàláwù, ọmọ Ẹdẹ tó ti pẹ́ ní àdúgbò Karmo. Bí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba l'Ábújá bá ti lo àga títí tó fi yẹgẹrẹ, wọn a máa tà á ní gbàǹjo. Níbẹ̀ ni Sàláwù ti ń rà á, tí á sì tún un ṣe. Ó ní àṣà kan tó kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀: kò ní pe iye owó àga fún oníbàárà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dorí àga náà kodò. Á máa fi ìka tọ́ka sí i: "Èyí ni mo pààrọ̀. Èyí ni mo lẹ̀. Èyí wà bí mo ṣe bá a." Lẹ́yìn náà ni á tó dá a nàró, tí á sì pe iye tó bá wù ú. Àwọn èèyàn máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa dà wá.

Nǹkan yí pa dà ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n fẹ títì tó wà níwájú àtíbàbà rẹ̀. Gbogbo àtíbàbà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Sàláwù sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé tó háyà. Kò sí ẹni tó ń kọjá níbẹ̀ ju adìyẹ lọ. Àga mẹ́fà tó ti tún ṣe tán dúró síbẹ̀ fún oṣù méjì, kò sẹ́ni tó béèrè wọn. Ó ti sọ fún àwọn ará ilé pé bí oṣù yìí bá tún parí bẹ́ẹ̀, òun yóò gba iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ òun ní Jahi, kí òun máa ṣọ́ géètì. Kò sí ohun tó burú nínú ṣíṣọ́ géètì. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí Mùnírátù bá wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó ń pọ́n igi, ọkàn rẹ̀ a máa bàjẹ́.

Ọjọ́ Sunday ni Ṣítù dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Mùnírátù ni, ó ń kàwé ní pólì, kò sì sí ohun tí kò mọ̀.

"Mùní, gbàǹjo kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo fún nínú oòrùn mọ́," ló wí. "Orí ìkànnì kan lórí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. O ó ya fọ́tò àga, o ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa fi owó lé owó. Ọ̀sán Friday ló máa parí. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ló ni ín."

"Ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ náà?"

"Ìwọ náà ni. Ṣé ìwọ kọ́ lo ń kọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà?"

Inú Mùnírátù dùn. Wọ́n mú èyí tó tóbi jù nínú àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àga ọ̀gánwó tó ní apá, èyí tí nọ́ńbà ọ̀dà funfun wà lábẹ́ rẹ̀, Mùnírátù sì kọ ọ́ pé: Àga àtijọ́ ni. A ti tún un ṣe. Ẹsẹ̀ kan jẹ́ tuntun, àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti yòókù mu.

Ṣítù gba fóònù náà, ó kà á. "Kai. Ṣé o fẹ́ tà á ni, àbí o fẹ́ kí wọ́n wá bá ọ kẹ́dùn? Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Bó bá pè é ní àkúfọ́, wọn á bá a fi kólẹ̀. Kọ ọ́ pé tuntun ni. Ògidì ọ̀gánwó látòkè délẹ̀. Àga tí mínísítà jókòó lé."

"Mínísítà wo, Búrọ̀dá Ṣítù?"

"Ta ló máa béèrè?"

"Èmi ni mò ń béèrè yìí."

"O ò fẹ́ kí bàbá rẹ lọ sí Jahi, àbí o fẹ́?"

Mùnírátù pa ohun tó kọ rẹ́, ó sì tẹ ohun tí Ṣítù wí. Ṣítù ya fọ́tò náà láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè bo ẹsẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Tuesday, owó ti dé ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà. Ní àárọ̀ Wednesday, ó di ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí Mùnírátù sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá náà dá iṣẹ́ dúró.

"Lórí àga kan ṣoṣo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi."

Sàláwù mi orí, ó pa dà sídìí iṣẹ́, ó ń súfèé. Ó ti pẹ́ tí Mùnírátù ti gbọ́ ìfé yẹn kẹ́yìn, síbẹ̀ kò dùn mọ́ ọn létí bó ṣe rò.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ìbéèrè kan wọlé láti ọwọ́ ẹnì kan tó ń jẹ́ Abímbọ́lá, ní Durumi: "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ rí abẹ́ àga náà, àti ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti wọnú ìjókòó."

Mùnírátù pe Ṣítù. "Má dá a lóhùn o," ni Ṣítù wí. "Àléébù ló ń wá."

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà há sí i lọ́kàn bí egungun ẹja. Ìdí ni èèyàn ń gbé lé àga. Kí ló dé tí ẹnì kan á fi fẹ́ rí abẹ́ rẹ̀? Ó lọ da nọ́ńbà ọ̀dà funfun náà kọ sínú ìwé, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Màmá Ọládùnjoyè.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá Ọládùnjoyè, ojúlé kejì ló ń gbé. Láti ìgbà tí àìsàn ti gbé Mùnírátù kúrò níléèwé fún ọdún kan ni ìyá àgbà yìí ti ń kọ́ ọ nílé, tó ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Ó fi jígí sójú, ó wo ìwé náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Irú nọ́ńbà báyìí ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ sábẹ́ àga fún ọdún mọ́kànlá. Àmì yàrá ìkàwé lèyí. Ibẹ̀ làwọn akọ̀wé wa ti máa ń sùn lọ́sàn-án."

"Ṣé mínísítà ò lè ti jókòó lé e, mà?"

"Mínísítà? Kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mùnírátù na fóònù sí i, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀. Màmá ka ọ̀rọ̀ náà tán, ó bọ́ jígí rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún.

"Ṣé bàbá rẹ ti gbọ́ ohun tí o kọ?"

"Wọn kì í ka Gẹ̀ẹ́sì, mà."

"O sì ń gbọ́ Yorùbá. Lọ kà á fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò bá lè kà sétí bàbá rẹ̀, kó má fi orúkọ bàbá náà tà á fún ará ìta."

Kò tíì sí ọ̀nà tó jìn lójú Mùnírátù bíi ti àárín ojúlé méjèèjì lọ́jọ́ náà. Ó bá bàbá rẹ̀ tó ń fi pépà ha igi. Ó kúnlẹ̀, ó sì kà á: tuntun, ògidì ọ̀gánwó látòkè délẹ̀, àga tí mínísítà jókòó lé.

Sàláwù gbé pépà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ta ló gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá mi."

"Ọjọ́ mélòó ni mo fi gbẹ́ ẹ?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Níbo wá ni ọjọ́ mẹ́ta mi wà nínú ohun tí o kà yìí?"

Mùnírátù wo fóònù náà bí ẹni pé ọjọ́ mẹ́ta náà lè jábọ́ láti inú rẹ̀.

"Bí àga bá jẹ́ tuntun," ni Sàláwù wí, "kí lèmi wá ṣe lára rẹ̀? O polówó àga, o sì lé káfíńtà kúrò níbẹ̀."

"Búrọ̀dá Ṣítù ní, bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀..."

"Òótọ́ lòwe yẹn. Ṣítù ni kò rí igbá tí wọ́n rán rí. Ìyá mi ní ọ̀kan l'Ẹ́dẹ. Ó sán, wọ́n sì fi okùn rán an. Bí àlejò bá dé, ojú ìrán yẹn gan-an ni ìyá mi ń yí sí wọn. Á ní, 'Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó rán an.' Kò pè é ní àkúfọ́, kò sì pè é ní tuntun."

"Owó máa wálẹ̀ o, bàbá mi."

Sàláwù wo àga márùn-ún yòókù tó tò sára ògiri.

"Yóò wálẹ̀."

"Ṣé ẹ máa wá lọ sí Jahi?"

"Ọ̀rọ̀ ọ̀la nìyẹn. Gbé àga wá, ká dorí rẹ̀ kodò."

Wọ́n gbé e síta, sínú ìmọ́lẹ̀. Mùnírátù ya abẹ́ rẹ̀, ó ya ẹsẹ̀ náà nítòsí, ó sì ya ojú ibi tó ti sán ní apá òsì. Bàbá rẹ̀ ń tọ́ka, òun náà ń kọ:

"Mo tọrọ àforíjì. Ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Àga yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti mínísítà. Yàrá ìkàwé iléeṣẹ́ ìjọba kan ló ti wá, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́. Ọ̀gánwó ni ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti kán. Sàláwù káfíńtà, ní Karmo, fi igi àpá gbẹ́ òmíràn, ó sì pọ́n díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Apá òsì sán, a lẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí ojú rẹ̀. Kì í mì. Gíga ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ínṣì méjìdínlógún. Ẹ wo fọ́tò kẹta kí ẹ tó dá owó."

Kò pẹ́ tí ìyà fi dé. Àwọn tó ni ìkànnì náà fi àmì pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí Mùnírátù fi ń tajà, pé ó yí ọ̀rọ̀ pa dà lẹ́yìn tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti dá owó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ẹlẹ́tàn." Òmíràn ní, "Ẹ ò bá kúkú ní ọba ìlú òyìnbó ló jókòó lé e." Ṣítù pè, ó ní, "O ṣeun. O ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣí géètì Jahi." Nígbà tó di àárọ̀ Thursday, owó ti já sí ẹgbẹ̀rún méje. Sàláwù kò súfèé mọ́, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó kàn ń ṣiṣẹ́.

Ní aago mẹ́rin ọ̀sán Friday, gbàǹjo parí ní ẹgbẹ̀rún méjìlá ààbọ̀. Orúkọ ẹni tó rà á ni Abímbọ́lá, Durumi.

Ó dé ní àárọ̀ Saturday, obìnrin kan tó wọ ankárá àti bàtà pẹlẹbẹ. Ó kí wọn. Mùnírátù gbé àga síwájú rẹ̀, ó rò pé yóò jókòó. Obìnrin náà kò jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú, ó sì dorí rẹ̀ kodò.

Sàláwù gbé òòlù sílẹ̀. Ó ń wo obìnrin náà bí ẹni tó rí ará ìlú rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì.

Obìnrin náà fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti wọnú ìjókòó, lọ, bọ̀. "Ta ló ṣe ibí yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Bàbá mi fi àga mẹ́jọ sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó kú. Márùn-ún nínú wọn ti kán lẹ́sẹ̀. Káfíńtà mẹ́ta ti ní kí n fi wọ́n dáná, kí n ra tuntun. Ẹni tó lè gbẹ́ ẹsẹ̀ fún àga àtijọ́ ni mò ń wá kiri. Nígbà tí mo rí 'tuntun' lórí fóònù, mo fẹ́ rékọjá. Mo wá rí i nínú òjìji pé ẹsẹ̀ kan pọ́n. Mo ní, ẹni tí mò ń wá rèé, kí ló dé tó ń fara pamọ́?" Ó gbójú sókè. "Ta ló kọ ọ̀rọ̀ kejì?"

Mùnírátù ti sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ wọn. Bàbá rẹ̀ tọ́ka sí i. Ó jáde, ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni, mà." "Èmi náà ni mo kọ ti àkọ́kọ́."

Obìnrin náà ní kó dìde. "Ti èkejì ló gbé mi wá," ló wí.

Sàláwù kò lọ sí Jahi. Iṣẹ́ àga márùn-ún tí obìnrin náà gbé fún un láti Durumi gbà á ní oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan. Àmì pupa náà kò tètè kúrò lórí ìkànnì. Oṣù mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra àga lọ́wọ́ wọn ló ń rí i, àwọn kan sì ń tìtorí rẹ̀ pa dà. Mùnírátù fi ìyẹn kọ́gbọ́n pé irọ́ ìṣẹ́jú kan máa ń gba ọjọ́ pípẹ́ kó tó tán lára ẹni. Ó tún kọ́ èyí tó jù ú lọ: ẹni tó bá fi irọ́ polówó ọjà, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bò mọ́lẹ̀, ẹni tó sì ń wá iṣẹ́ náà á kọjá lọ.

Láti ìgbà náà, kí àga tó kúrò lẹ́yìnkùlé yẹn, Sàláwù á dorí rẹ̀ kodò, kí Mùnírátù ya fọ́tò. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan bá ra àga tán, Sàláwù máa ń ha nọ́ńbà ìjọba kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kò ha á mọ́. Á mú pẹ́ńsù tó há sẹ́yìn etí, á sì fara balẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ méjì tí ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà: Sàláwù, Karmo.