Ẹja Pupa Tó Jẹ́rìí Èké

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ìsọ̀ Etek Nurbaiti, ìyá tó ń ta ohun mímu, kún bó ṣe máa ń kún. Àwọn ọkùnrin ń mu omi ewé kọfí nínú igbá àgbọn, wọ́n ń ta dòmínò, ẹnu ò sì dákẹ́. Ìwé kan tó ń dán ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ìwé ìjíhìn ọdọọdún ni, ti ilé-iṣẹ́ tó ń fún epo pupa lápá òkè odò.

"Ẹ wo Datuk wa nínú ìwé!" Etek Nurbaiti pariwo. "Ẹ wo ẹ̀rín! Ta ló mọ̀ pé eyín ṣì kù lẹ́nu bàbá yìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Datuk Syafril, olóyè tó jẹ́ olórí ìdílé tó ń ṣọ́ odò abúlé, fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò jáde. Nínú àwòrán náà, ó gbé ẹja pupa kan mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

Desmawati, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Padang dé, gba ìwé náà. Oníṣirò owó ni. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń yẹ̀ wò jẹun. Ó wo àwòrán náà títí.

"Mamak," ó rọra pe arákùnrin ìyá rẹ̀, "ẹja odò wa kì í ṣe pupa."

Datuk gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀. "Tẹ̀ lé mi síta."

Etídò ló ti jẹ́wọ́. Apá kan wà lára odò wọn tí àwọn àgbà fi àdúrà tì. Ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀ àfi ní ọjọ́ ṣíṣí, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún; ẹni tó bá jẹ ẹja ibẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ikùn rẹ̀ á wú. Àmọ́ látìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti ń da omi ìdọ̀tí sódò, òkú ẹja ló ń léfòó lẹ́yìn gbogbo òjò. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n ṣí i, tí àlejò ti ń bọ̀ láti gbogbo abúlé, Datuk lọ ra ẹja pupa tí wọ́n ń sìn nínú adágún, ó sì dà wọ́n sódò ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọjọ́ ṣíṣí yẹn ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

"Kí ni ǹ bá ṣe? Kí n ju àwọ̀n níwájú àlejò, kí n fa ewé jáde? Ikú yá ju ẹ̀sín, ọmọ mi."

"Ikú ta ni, Mamak?" Desmawati ṣí ìwé náà. "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán yín: 'Ẹja ń pọ̀ sí i lódò abúlé. Èyí jẹ́rìí pé omi tó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde kò pa ohunkóhun lára.'"

"Àwòrán lásán ni, jàre."

"Kì í ṣe lásán. Ilé-iṣẹ́ kì í jíhìn owó nìkan mọ́. Omi tó lò, igbó tó gé, àwọn èèyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ohun tí báńkì ń kà nìyí kó tó yá wọn lówó ní èlé kékeré, nítorí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú odò. Owó yẹn ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé-iṣẹ́ kejì, lókè ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń wẹ̀. Nígbà tí abúlé kọ lẹ́tà nípa kúrúnà tó bo ọmọ-ọmọ Etek Nurbaiti lára, kí ni wọ́n fi dáhùn?"

Datuk rántí. Wọ́n ní kí abúlé lọ wo ẹja Datuk. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

"Kí wá ni ṣíṣe?"

"Ayẹ̀wéwò tí báńkì rán ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wádìí ohun tí wọ́n kọ. Ẹ sọ òtítọ́ fún un. Ẹ jẹ́ ká kọ ọjọ́ tí ẹja kú sílẹ̀, àti orúkọ gbogbo ọmọ tí ara ń yún."

"Kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn?"

"Níwájú gbogbo èèyàn kọ́ lẹ ti gbé ẹja, Mamak?"

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, abúlé pé sétídò. Aṣojú ilé-iṣẹ́ fi ẹ̀rín dì mọ́ Datuk. "Datuk wa, ẹ sọ fún àlejò wa bí ẹja ṣe pọ̀ tó."

 Datuk rí Yulinar, ọmọ-ọmọ Nurbaiti, tó ń họ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀.

"Èmi ni mo ra ẹja yẹn," ó wí. "Ẹja odò wa ti kú tán. Ojú ló tì mí, ni mo bá tan ẹ̀yin ará ilé mi jẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Etek Nurbaiti, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ síwájú ayẹ̀wéwò. "Yulinar lorúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín."

Ayẹ̀wéwò kọ ọ́. Kò fọwọ́ sí ohun tí ilé-iṣẹ́ sọ, báńkì sì dá owó náà dúró títí ilé-iṣẹ́ yóò fi tọ́jú omi ìdọ̀tí rẹ̀. Odò ò tíì mọ́. Nígbà tí ọjọ́ ṣíṣí tún pé, Datuk dúró níwájú àlejò láìgbé àwọ̀n. "Kò sí ẹja," ó wí. "Ẹ wá wo ohun tó pa wọ́n."

Ẹ̀yin ará, bí ilé-iṣẹ́ bá wà nítòsí yín, ẹ béèrè ìwé ìjíhìn rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó máa ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ yín fún yín. Ẹ má tẹ̀ka, ẹ má sì dúró ya fọ́tò, láìmọ ohun tí wọ́n máa kọ sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fojú rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá sì ti bàjẹ́, ẹ má tìtorí àlejò bò ó mọ́lẹ̀. Ìtìjú Datuk kò ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Kúrúnà ara Yulinar ti lé lọ́dún mẹ́ta.